Ìkarahun Tí Mo Fi Kọ́ Ìkejì Mi Lọ́rùn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti na ìka ẹsẹ̀ kí ojú mi tó lè wọ inú àmù ìyá mi, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dunjú láyé. Òun ni ọ̀nà tó ti abúlé oko wa lẹ́bàá Oko-Akarè lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù kọjá níbẹ̀ lónìí, ẹ ò lè mọ bó ti rí. Ilẹ̀ wa dúdú. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa di ẹsẹ̀ mú bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ènìyàn sọ. Àwa méjì la máa ń rìn ín, èmi àti ọmọbìnrin kan bíi tèmi tí ọgbà ilé wọn àti tiwa jọ kan ara wọn. Àsìkò iṣu titun kan náà ni wọ́n bí wa, nítorí náà kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò láàárín wa. Ìkejì ni mo ń pè é, Ìkejì lòun náà ń pè mí, títí di òní yìí.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Ní oṣù tó kọjá, ìwé kan wà nínú àpò mi fún ọjọ́ márùn-ún, tí n kò sì mọ ohun tí mo lè fi í ṣe. Ìkejì ló kọ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, lójú ewé kan gbáko, lẹ́yìn ìgbà tí ó ti di ìyá àgbà. Ó ní kí n kà á kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ìlú yóò ti rí i. Àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀. Bí mo bá sọ fún un, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ju gègé sílẹ̀, nítorí pé ó ti jù ú sílẹ̀ nítorí mi rí. Bí n kò bá sì sọ fún un, àwọn kan yóò dúró níwájú ògiri náà, wọn yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe, tó wá jókòó síwájú ewé kan, tí kò lè mú gègé. Kí ìbẹ̀rù yẹn tó yé yín, mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ìkarahun.

Ní ilé ìwé wa, níbi tí Faransé nìkan ti jẹ́ èdè tí a gbọ́dọ̀ sọ, okùn kan wà tí wọ́n so ìkarahun ìgbín ńlá mẹ́ta mọ́. Sinyáàlì ni mẹ́sì ń pè é. Mẹ́sì ni gbogbo wa ń pe olùkọ́. Ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n á fi okùn náà kọ́. Bó bá sì jẹ́ Faransé ló sọ, ṣùgbọ́n tí Faransé náà wọ́, ọrùn rẹ̀ náà ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó máa dọdẹ ẹlòmíràn. Bó bá ti gbọ́ àṣìṣe lẹ́nu onítọ̀hún, á bọ́ okùn lọ́rùn ara rẹ̀, á gbé e kọ́ ti ẹni yẹn. Ó ń gbé e lọ sílé, ó ń gbé e bọ̀. Ẹni tí ìkarahun bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá dún lọ́jọ́ Ẹtì, á kúnlẹ̀ sínú oòrùn níwájú gbogbo kíláàsì, lẹ́yìn náà á lọ pọn omi kún àgbá ilé mẹ́sì. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó dàgbà ní ilẹ̀ wa yóò sọ fún yín pé irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Igi ni wọ́n lò níbòmíràn, egungun ni wọ́n lò níbòmíràn.

Inú bí mi sí i nígbà náà, inú ṣì ń bí mi. Wọ́n sọ fún wa pé ẹnu tí ìyá wa fi kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹnu ìdọ̀tí. Wọ́n tún fi iṣẹ́ ọlọ́pàá lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Mẹ́sì kò ní láti dìde kúrò lórí àga rẹ̀, àwa fúnra wa là ń mú ara wa wá fún un. Èyí tó sì ń dùn mí jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, ni ti ìgbín yẹn. Ní ilé wọn Ìkejì, tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, ohun ẹ̀rọ̀ ni ìgbín. Òun ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí ara lè tu àwọn ará ilé. Òun náà ni wọ́n wá sọ di ohun tí ọmọ ń gbé kọ́rùn rìn, tó ń dún kòkò-kòkò, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún.

Ààlà kan wà o. Igi àràbà kan dúró lójú ọ̀nà wa. Láti ilé títí dé ìdí igi náà, ẹnu ẹni wà lọ́wọ́ ẹni. Tí a bá ti kọjá rẹ̀, ilẹ̀ ilé ìwé la dé yẹn, ìkarahun lè mú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, Ìkejì tó jẹ́ ọmọ ìtàn, a máa sáré pa ìtàn rẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Bó bá rí i pé igi ti ń sún mọ́ tòsí tí ìtàn kò tíì parí, á dúró sójú kan nínú ẹrẹ̀, á sọ ọ́ tán pátápátá, kó tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí a bá kọjá igi, àwa méjèèjì á pa ẹnu dé, a ó máa rìn bí odi méjì títí dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ìgbà mìíràn ẹ̀rín á máa gbọ̀n wá, nítorí pé ìtàn náà ṣì wà nínú wa.

Mo ní láti sọ òtítọ́ nípa ara mi. Mo mọ àṣìṣe ẹlòmíràn mú. Etí mi mú, ó mú ju ti gbogbo wọn lọ. Mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Kódà nígbà tí ìkarahun kò sí lọ́rùn mi, mo máa ń nàka sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tí ìkarahun wà lọ́rùn rẹ̀. Mẹ́sì yìn mí níwájú gbogbo wọn, mo sì fi ìyìn náà jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi, mo mú un lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, nígbà tí èmi fúnra mi ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó yí padà wéré, ó ti bọ́ okùn lọ́rùn ẹni tó jókòó tì í kí n tó pa ẹnu dé. Mo gbé ìkarahun lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo fi aṣọ bò ó.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ẹtì. Bàbá mi ti sọ pé òun ń bọ̀ wá sí ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, kí òun gbé iṣu márùn-ún wá fún mẹ́sì, kí òun sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Bàbá mi kò lọ sílé ìwé rí. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀: bàbá mi yóò wọlé pẹ̀lú iṣu lórí, yóò sì bá mi lórí eékún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a jáde. Ìkejì ń pa ìtàn ìyàwó titun kan tó ń jí iyọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ti dé ibi tí ìyá ọkọ ti gbé ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ dáadáa. Ìkarahun ń dún láyà mi, mo ń wá ẹni tí mo lè gbé e fún. Òjò ti rọ̀, mo ń fo láti ibi gbígbẹ kan sí òmíràn, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láti fi tẹ ohun kan tó dà bí gbòǹgbò. Ìkejì pariwo lẹ́yìn mi: "Má tẹ̀ ẹ́, paramọ́lẹ̀ ni."

Mo fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Paramọ́lẹ̀ ni lóòótọ́, ó ká ara rẹ̀ jọ bí òṣùká, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó wo wá, ó sì wọ́ lọ sínú koríko. Mo yí padà sí Ìkejì. Ẹ̀yin ọmọ, n kò kí i pé ó ṣeun. Mo bọ́ okùn lọ́rùn mi, mo fi kọ́ tirẹ̀. Mo ní ó sọ Yorùbá, a sì ti kọjá igi. Ẹsẹ̀ méje la fi kọjá igi, mo ti kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún un. Mo yí padà, mo sì sáré lọ sí ilé ìwé.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ wa ní orúkọ ejò ní Faransé. Èmi tí mo mú un, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ wo ni ì bá fi gbà mí là?

Bàbá mi dé lọ́sàn-án pẹ̀lú iṣu márùn-ún. Ó bá mi lórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó gbáà, mo mọ́ tónítóní. Ìkejì ló wà lórí eékún. Bàbá mi mọ̀ ọ́n bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí, ó gbé iṣu kalẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dúró de Ìkejì lẹ́yìn ọgbà títí oòrùn fi ga. Kò jáde. Kò tún jáde mọ́. Ìyá rẹ̀ ló bá ìyá mi ní etí kànga, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá: "Ẹnu tó gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ ejò, torí rẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ mi kúnlẹ̀. Kó dúró tì mí nílé, a ó jọ máa ṣe epo."

Ìyá mi náà ń ṣe epo. Mo ti wo bó ṣe ń tún àṣìṣe ṣe níbẹ̀. Bí ìyàwó ilé kan bá gbo èso ọ̀pẹ tí kò jinná tó, ìyá mi kì í sọ̀rọ̀. Á fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, á ki ọwọ́ bọ inú agbada kan náà, wọn á jọ máa gbo ó lọ, títí onítọ̀hún fi rí bó ṣe yẹ kó rí. Kì í dìde kúrò níbẹ̀ kó tó tán. Mo rí i, n kò sì kà á sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́, lójú tèmi, ni ohun tí mẹ́sì kọ sára pátákó.

Mo kàwé lọ. Mo dé yunifásítì ní Kútọnu, mo di olùkọ́ Faransé, mo fi yíǹkì pupa kún ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìlú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà wá sí Adja-Ouèrè nítòsí abúlé wa, mo kọ́ ilé kékeré sójú ọ̀nà Kpoulou. Etí mi kò fẹ̀yìn tì. Àkọlé ojú ṣọ́ọ̀bù ń gún mi lójú. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń pa ohùn ọ̀rọ̀ dà, mo ń dá wọn lóhùn nínú yàrá mi. Mo máa ń bá àwọn ọmọ tó ń da Faransé mọ́ Yorùbá jà. Ẹ má sì rò pé n kò mọ bó ṣe ń dun ẹni tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo ti bá àwọn kan láti òdìkejì ààlà orílẹ̀-èdè wa pàdé, tí wọ́n la ojú wò mí pé Yorùbá tí àwa ń sọ níhìn-ín wọ́. Wíwọ́ báwo? Ta ló ní tiwọn ló tọ́? Mo bínú sí wọn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, mo sì padà sídìí yíǹkì pupa mi.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ìlú wa kan kọ ọ́ sí wasáàpù ẹgbẹ́ wa pé ìyá òun kú. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, ọ̀rọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Mo tún un kọ dáadáa sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè kà á. Ó dá mi lóhùn pé: "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sunkún tán ná." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ kòkò-kòkò létí mi bí ẹni pé ó wà nínú yàrá.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìkejì gbé ìwé rẹ̀ wá. Láti ìgbà tí mo ti padà dé la ti ń ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mẹ́nu kan ìkarahun rí. Ó ti di olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe epo ní àdúgbò wọn. Àwọn kan ti wá ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíkọ àti kíkà Yorùbá nínú àtíbàbà ẹbu wọn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo, ó sì ti fi ọdún kan gbáko jókòó pẹ̀lú wọn; wọ́n wá fẹ́ lẹ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ mọ́ ògiri ní ìparí ọdún náà. Zémíjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, ló gbé e wá, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ó na ewé náà sí mi láti orí alùpùpù.

"Kà á, Ìkejì. Bó bá dáa, sọ fún mi. Bí kò bá dáa, sọ fún mi. Ọjọ́ Ẹtì la máa lẹ̀ ẹ́, ọba á wà níbẹ̀."

"Ìyá, ẹ fẹsẹ̀ lé e dáadáa," ni onízémíjàn wí. "Ìwé kíkọ kò ní kẹ́ ẹ má ṣubú."

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni lójú tèmi.

Mo kà á. Mo ka iye àṣìṣe inú rẹ̀, nítorí pé n kò lè ka ìwé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀: mọ́kàndínlógójì. Mo mú yíǹkì pupa, mo dá a padà. Mo mú búlúù. Mo mú pẹ́ńsù tó ṣeé pa rẹ́, òun náà dà bí ìkarahun lọ́wọ́ mi. Mo pe ọmọ mi obìnrin ní Kútọnu. Ó ní: "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Mo bínú sí i. Ṣé ẹni tí kò bá pẹ́ nílé ìwé, kó máa gba àjẹkù ni? Ṣé nítorí pé ó jẹ́ ìyá àgbà tó ń ṣe epo, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin bí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni? Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ẹ̀rù tún bà mí, nítorí pé ohùn mẹ́sì ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìkọ̀wé kọ́ ló gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ìtàn bó ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Kò dárúkọ mi. Mo tún un kọ síhìn-ín bó ti yẹ kí á kọ ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ mi kò gbà á kí n kọ ọ́ bó ti wà: "A kò tíì dé ìdí igi àràbà nígbà tí mo rí ejò. Mo pariwo kí Ìkejì mi má bàa tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìkarahun kọ́ mi lọ́rùn."

A kò tíì dé ìdí igi. Ẹsẹ̀ méje ni mo ti ń kà láti ìgbà yẹn. Ẹsẹ̀ méje yẹn ni mo gbára lé, òun ni kò jẹ́ kí n ka ara mi sí olè. Mo ṣe ohun tí kò dára, ṣùgbọ́n mo ṣe é lábẹ́ òfin. Bí a kò bá tíì kọjá igi, ẹ̀tọ́ wo ni mo ní? Wọ́n ti gé àràbà náà lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Kò sí ohun tí mo lè lọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n. Fún ọjọ́ márùn-ún, bí alùpùpù bá ti dún lójú ọ̀nà, màá sáré lọ wo ojú fèrèsé bóyá òun ni, kí n lè gbé ewé náà pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé e lọ bá a ní ẹbu. Àwọn obìnrin mẹ́fà ló wà nídìí iná, èéfín bo gbogbo ibẹ̀.

"Ìyá Faransé dé," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Kálukú tún ẹnu ẹ̀ ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò jáde lẹ́nu mi. Ìkejì ń nu epo kúrò lọ́wọ́.

"Ọjọ́ márùn-ún lórí ewé kan," ó ní. "Ṣé o ń há a sórí ni?"

"Mo kà á."

"Àṣìṣe inú rẹ̀ mélòó?"

"Kò pọ̀."

"Mélòó, Ìkejì?"

"Mọ́kàndínlógójì."

Ìkejì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí àgbá mú. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ṣé mi ò wí fún yín? Mo ní bó bá sọ pé kò sí, irọ́ ló pa. Mo ní ó ti kà wọ́n."

N kò pinnu láti sọ èyí tó kù. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. "Ogójì ni. Ọ̀kan kù. A ti kọjá igi, Ìkejì. Ẹsẹ̀ méje."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé. "Mo ṣì ń pa ìtàn lọ́wọ́," ó ní. "Ìyá ọkọ ṣì fẹ́ ṣí ìkòkò. Ìgbà wo lo rí mi tí mo pa ìtàn kọjá igi yẹn?"

N kò rí i rí. Àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò rí i rí. Gbogbo ìwé tí mo kà, n kò fi ọ̀kan ronú kan ìyẹn.

Mo wá àga, mo jókòó. Ó fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ mi. "Pé o mú mi, kì í ṣe ohun tó dùn mí," ó ní. "Gbogbo wa là ń mú ara wa. O fi kọ́ mi lọ́rùn, o wá sáré. Mo ń pè ọ́, ẹsẹ̀ mi há sínú ẹrẹ̀, o ò wẹ̀yìn wò. Ìkarahun yẹn ì bá má wúwo bẹ́ẹ̀ ká ní a jọ rìn ín dé." Ó yọ gègé jáde láti inú ìró rẹ̀. "Fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni n ó kọ ọ́. Má fọwọ́ kan ìwé mi. Má sì dìde títí a ó fi parí."

Èmi kò dìde. Oòrùn yí kúrò lára àtíbàbà dé ara wa. Mo ń nàka, ó ń béèrè ìdí rẹ̀, ó ń kọ ọ́. Mẹ́fà wà tó kọ̀ fún mi pátápátá. Ó ní bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn, bí àwọn oníwèé bá fẹ́, kí wọ́n wá kọ́ ọ. Mo ronú sí i, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Èmi náà ti di ará òdìkejì ààlà láìmọ̀. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ igi àràbà, ìka mi dúró. Ó wo ìka náà. Mo gbé e kọjá. Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lọ́sàn-án. Ó kà á fúnra rẹ̀ níwájú ọba, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ayé ti yí padà. Kò sí ọmọ kankan tó ń gbé ìkarahun kọ́rùn lọ sílé ìwé mọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó padà wá. Ẹ ń kọ Yorùbá lórí fóònù yín, ẹ ń kọ ọ́ bó ṣe wù yín, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹnu ìyá yín dọ̀tí. Èyí dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta tí a lẹ ìwé Ìkejì, mo rí àwòrán rẹ̀ lórí wasáàpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti yí òbírí pupa ká ọ̀rọ̀ kan tí àwa méjèèjì kò rí, ó fi àwọn ojú tó ń rẹ́rìn-ín mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. N kò mọ̀ ọ́n, Ìkejì kò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà wọ́. Mo fẹ́ kọ èsì gígùn kan sí i, mo pa á rẹ́. Kí ni n bá sọ fún un tí kò ní jẹ́ ìtàn ara mi? Ẹ máa tún ọ̀rọ̀ ara yín ṣe o, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí a kò tún ṣe ń kú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nàka, ẹ wò ó bóyá ẹ ní àyè láti jókòó.

Mo ń lọ sí ẹbu lọ́jọ́ ọjà báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi Ìkejì ní ohun tí ìyá ọkọ rí nínú ìkòkò iyọ̀ yẹn. Ó dá ọwọ́ dúró lórí èso ọ̀pẹ. Ó ní òun ti gbàgbé bó ṣe parí.